Oògùn Ìrántí: Watchmen, Tulsa, àti Ohun tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Wa ní Atlanta

   Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kíkà yá yín lára ju gbígbọ́ lọ, tiyín nìyí, mo ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbí. Nọ́ọ̀sì yín ni, láti Atlanta.

Eré kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí eré la máa parí sí. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2019, HBO gbé apá àkọ́kọ́ eré Watchmen jáde. Damon Lindelof ló ṣe é. Orí ìwé aláwòrán tí Alan Moore àti Dave Gibbons gbé jáde láàárín 1986 sí 1987 ló gbé e kà. Eré àwọn akọni abòjú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí akọni á fò wá látòkè kí gbogbo nǹkan tó dára. Eré tó ṣókùnkùn ni, tó wúwo. Ìpínlẹ̀ Georgia wa níbí ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò wò ó. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan jókòó sí ilé sinimá, ó ń wo fíìmù àtijọ́ tí kò lóhùn. Ìyá rẹ̀ ń tẹ dùùrù, omi ń dà lójú rẹ̀. Lójijì bàbá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ sójà lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n jáde síta, gbogbo àdúgbò ń jó. Àwọn aláwọ̀ funfun ń yìnbọn fún àwọn aláwọ̀ dúdú bí ẹni ń dọdẹ ẹtu, wọ́n ń kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ òfuurufú ń fò lókè. Àwọn òbí náà gbé ọmọ wọn sínú àpótí lórí ọkọ̀ kan tó ń sá lọ. Wọ́n kọ ọ́ sójú eré pé: Tulsa, 1921.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ń wò ó. Mo yíjú sí i, mo ní, "Àwọn ará Amẹ́ríkà yìí mọ ìtàn hun o! Ta ló ronú irú eléyìí?" Òun náà ní eré akọni ni, wọ́n lè ṣe ohun tó bá wù wọ́n. A tún jẹ dòdò wa, a ń wò ó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe àwa nìkan o. Ní alẹ́ ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì, àìmọye èèyàn ní Amẹ́ríkà, funfun àti dúdú, àwọn tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n kàwé jáde níbí, ni wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ṣé òótọ́ lèyí ṣẹlẹ̀. Àwọn kan jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọ́n rò pé àròsọ ni. Lindelof fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀ àfi ìgbà tí òun ka àpilẹ̀kọ Ta-Nehisi Coates tó jáde nínú ìwé ìròyìn The Atlantic lọ́dún 2014. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà ni.

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ṣókí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1921, ní ìlú Tulsa, ìpínlẹ̀ Oklahoma, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan tó ń kun bàtà fún àwọn èèyàn, Dick Rowland, wọ inú ẹ̀rọ agbéniròkè nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Drexel. Ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun tó ń darí ẹ̀rọ náà, Sarah Page, ké. Wọ́n mú Rowland lọ́jọ́ kejì. Ìwé ìròyìn Tulsa Tribune gbé e jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ó fẹ́ fipá bá ọmọbìnrin náà lò. Àwọn aláwọ̀ funfun pé jọ sí kóòtù. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan, tí àwọn tó ti jagun àgbáyé wà lára wọn, gbé ìbọn wá láti bá ṣẹ́rífù dáàbò bo ọmọ náà, torí wọ́n mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìbọn kan dún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ya wọ Greenwood, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú tó lówó lọ́wọ́ jù nígbà náà. Òpópónà 35 ni wọ́n dáná sun, pẹ̀lú ilé tó lé ní 1,200. Ìwé ìjọba kọ ọ́ pé 36 èèyàn ló kú. Àwọn onímọ̀ ìtàn ní ó lè tó 300. Àwọn tó yè é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n tì mọ́ àgọ́ bí ọ̀daràn. Dick Rowland ńkọ́? Wọ́n fi í sílẹ̀. Sarah Page kò bá ẹjọ́ náà lọ.

Gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, ẹnìkan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Dókítà A. C. Jackson, oníṣẹ́ abẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Amẹ́ríkà. Ó jáde nínú ilé rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi hàn pé òun kò jà. Wọ́n yìnbọn fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú ọwọ́ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìwòsàn. Ọwọ́ tó ń gba ẹ̀mí là, tó nà án sókè láti fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí tirẹ̀.

Báwo ni irú èyí ṣe wá di ohun tí èèyàn máa gbọ́ lẹ́nu eré akọni? Ọ̀nà púpọ̀ ni. Kí wọ́n tó ya Tulsa Tribune ọjọ́ yẹn pa mọ́ sínú fíìmù, ẹnìkan ti ya ìròyìn tó dá wàhálà sílẹ̀ yẹn kúrò lójú ìwé. Wọ́n sin òkú láìkọ orúkọ. Àwọn tó ṣe é kò sọ ọ́ fọ́mọ torí ìtìjú tàbí torí ẹ̀rù kóòtù. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún kò sọ ọ́ fọ́mọ torí wọn kò fẹ́ kí ẹ̀rù bá ọmọ. Ọdún 1997 ni ìpínlẹ̀ Oklahoma tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀, ọdún 2001 ni àbọ̀ ìwádìí náà jáde.

Ó dáa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo dé ibi iṣẹ́. A ní ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àgbà nọ́ọ̀sì, ọmọ Atlanta látọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Nígbà tí a jókòó jẹun láàárín òru, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Tulsa fún un bí ẹni tó ṣàwárí wúrà. Màmá jẹun rẹ̀ tán, ó nu ẹnu, ó wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ibo lo ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin nígbà tó o bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́?"

Mo ní, "Five Points, mà."

Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Five Points?"

N kò mọ̀. Ọdún kẹfà mi nìyẹn ní ìlú yìí. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti pọ̀ǹmọ́, mo mọ ọ̀nà àbùjá gbogbo tó lọ sí Decatur, mo mọ Martin Luther King bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́, n kò mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìtìjú mú mi. Èmi tí mo ń bú àwọn tí kò mọ Tulsa!

Ohun tó sọ fún mi, tí mo wá lọ kà fúnra mi, nìyí.

Ní ọdún 1906, ìdíje ipò gómìnà le gan-an ní Georgia. Hoke Smith, tó ti ni ìwé ìròyìn Atlanta Journal rí, ń bá Clark Howell, olóòtú Atlanta Constitution, fà á. Oníwèé ìròyìn méjì! Ohun tí àwọn méjèèjì sì ń fi polongo ni ta ló máa lè gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú jù. Gbogbo oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, àwọn ìwé ìròyìn ìlú ń gbé e jáde pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kọ lu obìnrin aláwọ̀ funfun níhìn-ín, ó kọ lu òmíràn lọ́hùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, wọ́n gbé irú ìròyìn mẹ́rin jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ń tẹ àtẹ̀jáde pàtàkì lé àtẹ̀jáde pàtàkì, àwọn ọmọ tó ń ta ìwé ìròyìn ń pariwo rẹ̀ láàárín ìgboro. Kò sí ẹ̀rí gidi kankan tó ti ìkankan lẹ́yìn nínú wọn. Àwọn baba wa ló ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Ní Atlanta lọ́jọ́ náà, kọ́bọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ra èké, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi san án.

Nígbà tó di alẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ti pé jọ sí Five Points àti Decatur Street. Olórí ìlú, James Woodward, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ sílé. Wọn kò dá a lóhùn. Wọ́n ń dá ọkọ̀ tíráàmù dúró, wọ́n ń wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú jáde, wọ́n ń lù wọ́n pa. Wọ́n ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Alonzo Herndon, ẹni tí wọ́n bí sínú ẹrú lọ́dún 1858, tó ṣiṣẹ́ títí tó fi ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun tó rẹwà ní Peachtree Street, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, ti tètè ti ìlẹ̀kùn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ gígẹrun ládùúgbò náà kò ríbi sá sí, wọ́n pa wọ́n síbi iṣẹ́. Wọ́n wọ́ òkú lọ sí ìdí ère Henry Grady ní Marietta Street, wọ́n kó wọn jọ síbẹ̀. Ère náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ lè ti ya fọ́tò nídìí rẹ̀ rí.

Àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ àti òjò ló tú wọn ká lóru. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ní Brownsville, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù ìlú, àwọn èèyàn pàdé láti bá ara wọn sọ bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ilé wọn. Àwọn ọlọ́pàá ya bò wọ́n, ìbọn dún, ọlọ́pàá kan kú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó lé ní 200 láti àdúgbò náà. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tí wọ́n fẹ́ pa ni wọ́n mú.

Ó kéré tán, aláwọ̀ dúdú 25 ló kú. Àwọn kan ní ó tó 100. Aláwọ̀ funfun méjì ni wọ́n kà. Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní àárín ìgboro lọ sí Auburn Avenue. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Martin Luther King sí lọ́dún 1929. Ní 1908, Georgia yí òfin rẹ̀ padà, wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláwọ̀ dúdú. Hoke Smith sì ti di gómìnà.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ tí wọ́n ń pe ohun méjèèjì, ti Tulsa àti ti Atlanta, lédè wa a máa túmọ̀ sí rògbòdìyàn. Ní rògbòdìyàn, o na mí, mo nà ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá yí onígbàjámọ̀ kan ká nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí lẹ máa pè é? Ìpakúpa ni. Ní oṣù kẹwàá 1906 náà, ìwé ìròyìn Le Petit Journal ní Paris ya àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Atlanta sí ojú ìwé rẹ̀, ìpakúpa ni wọ́n sì pè é. Àwọn ará Faransé tí kò dé ibẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, àwa tó ń gbé inú ìlú kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí a pe nǹkan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Ní Tulsa, àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kọ̀ láti san owó ilé tó jóná, torí ìwé àdéhùn wọn sọ pé àwọn kì í san owó ohun tí rògbòdìyàn bá bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ ọlọ́rọ̀ di olòṣì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí eré wa, torí apá kẹfà ló dá ariwo tó pọ̀ jù sílẹ̀.

Nínú apá yẹn, tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2019, Angela Abar, ọlọ́pàá obìnrin tí Regina King ṣe, ti gbé oògùn kan mì. Oògùn ọ̀hún, ìrántí bàbá àgbà rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì, mo pariwo sí tẹlifíṣàn pé, "Má lo oògùn ẹlòmíràn!" Ó ti lò ó. Ó wá ń rí ohun tí bàbá àgbà rí, ó ń jẹ ìrora tí bàbá àgbà jẹ. Bàbá àgbà yìí ni ọmọ inú àpótí ní Tulsa. Ó dàgbà, ó di ọlọ́pàá ní New York. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àpò bò ó lójú, wọ́n so ó rọ̀ sórí igi, wọ́n wá já a sílẹ̀ kó lè mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tó ń lọ sílé lóru ọjọ́ náà, ó rí àwọn tó ń ja èèyàn lólè, ó fi àpò náà bojú, ó gbà wọ́n là. Báyìí ló ṣe di akọni abòjú àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn èèyàn má bàa mọ̀ pé dúdú ni, ó ń fi ẹfun kun àyíká ojú rẹ̀ lábẹ́ ìbòjú. Gbogbo ayé ń yìn ín, wọ́n rò pé funfun ni.

Àwọn òǹwòran pín sí méjì. Àwọn kan sunkún. Apá yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí eré náà gba àmì ẹ̀yẹ Emmy 11 lọ́dún 2020. Àwọn kan bínú pé wọ́n ba ìwé aláwòrán àwọn jẹ́, pé wọ́n fi òṣèlú sí i, pé irọ́ yẹn pọ̀ jù: ta ló máa gbà pé aláwọ̀ dúdú lè fi ojú funfun rìn láàárín àwọn tó ń pa á?

Ẹ jẹ́ n sọ fún yín nípa ọmọ Atlanta kan. Walter White. Kì í ṣe ti Breaking Bad o!

Walter White ọmọ ọdún 13 ni lọ́dún 1906. Aláwọ̀ dúdú ni ìdílé rẹ̀, ọmọ ọmọ ẹrú ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ funfun, irun rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ búlúù. Bàbá rẹ̀ ń kó lẹ́tà fún ìjọba. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tó jáde ní 1948, ó ní òun àti bàbá òun wà lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́tà ní alẹ́ Sátidé yẹn, ojú òun sì ni wọ́n ṣe lu arọ kan tó ń kun bàtà ní ṣọ́ọ̀bù Herndon pa. Ó ní lọ́jọ́ kejì, èrò náà wá sí òpópónà wọn, òun àti bàbá òun sì dúró nínú òkùnkùn lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń retí. Ó ní ibẹ̀ lòun ti mọ ẹni tí òun jẹ́. Ó lè yan funfun, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó yan dúdú.

Ó jáde ní Atlanta University ní 1916, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ NAACP ní 1918. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún wọn? Ó ń wọ ìlú tí wọ́n ti so aláwọ̀ dúdú rọ̀, á jókòó ti àwọn tó ṣe é bí funfun ẹgbẹ́ wọn, á jẹ́ kí wọ́n máa fọ́nnu, á wá lọ kọ gbogbo rẹ̀ jáde. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tó ṣe lé ní 40. Ní Arkansas lọ́dún 1919, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́yìn yọ: wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó sá wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé òun ni, ó ń bá a kẹ́dùn pé kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú aláwọ̀ dúdú kan tó ń ṣe bíi funfun.

Ní 1921 ńkọ́? Ó lọ sí Tulsa! Iná Greenwood kò tíì tutù tán. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń wá àwọn ọkùnrin láti fi ṣe ọlọ́pàá onígbà díẹ̀, wọ́n gba òun náà wọlé, wọn kò béèrè ju orúkọ, ọjọ́ orí àti àdírẹ́sì lọ. Ẹnìkan wá sọ fún un pé ní báyìí, ó lè yìnbọn pa aláwọ̀ dúdú tó bá rí, òfin á wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tó rí ti Atlanta ní 1906 ló lọ wádìí ti Tulsa ní 1921, pẹ̀lú ojú tí wọ́n rò pé funfun ni, àti pẹ̀lú àṣẹ ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran ní irọ́ eré náà pọ̀ jù. Ìtàn gidi ló ju eré lọ.

Ìbòjú yìí sì ní iye tó ná an. Ní 1931, ọkọ̀ gbá bàbá Walter White níbí, ní Atlanta. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní ẹ̀ka funfun àti ẹ̀ka dúdú. Ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n gbé bàbá náà lọ sí ẹ̀ka funfun ní ilé ìwòsàn Grady, torí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, wọ́n sì ń sá sókè sódò lórí rẹ̀. Nígbà tí àna rẹ̀ tó dúdú dé láti béèrè rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n gbé bàbá arúgbó tó fara pa kúrò lórí ibùsùn, wọ́n gbé e sọdá títì nínú òjò, lọ sí ẹ̀ka àwọn dúdú. Ibẹ̀ ló kú sí. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn gba ẹnu ọ̀nà kọjá, mo máa ń rántí bàbá yẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kàn wá, àwa ọmọ Yorùbá. Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn. "Ọ̀rọ̀ àkátà nìyẹn, kò kàn wá. Iṣẹ́ la wá ṣe." Mo ti sọ ọ́ rí, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá tíráàmù dúró ní Five Points kò béèrè ibi tí bàbá ẹnikẹ́ni ti wá. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, tí a sọ ní Ayọ̀midé àti Tìmílẹ́yìn, dúdú ni ojú àwọn tó bá rí wọn ní títì. Ìwé tí a fi gba iṣẹ́, ìbò tí àwọn kan nínú wa ń dì, wọ́ọ̀dù tí a ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀ka funfun àti dúdú, àwọn tí à ń pè ní orúkọ burúkú yẹn ló fi ẹ̀mí rà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé wa náà. Ta ló sọ ìtàn wẹ́tìẹ fún yín? Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n ń da pẹtiróòlù sára ilé àti èèyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Yorùbá sí Yorùbá. Mo bi ìyá àgbà mi rí. Wọ́n ní, "Ó ti kọjá, ọmọ mi, lọ wo ọbẹ̀ lórí iná." Wọ́n ti papò dà báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. N kò béèrè mọ́, ìtàn náà sì bá wọn lọ. Nítorí náà, n kò lè fi àwọn ará Tulsa tó dákẹ́ ṣe ẹlẹ́yà.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kádìí rẹ̀. Ẹ rántí bàbá tó wọ aṣọ sójà nínú eré náà. Nígbà tí eré yẹn jáde, ìlú Tulsa ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti wá àwọn sàárè tí kò lórúkọ. Ní oṣù kẹwàá 2020, wọ́n rí àwọn pósí ní ibi ìsìnkú Oaklawn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ egungun wò, wọ́n fi DNA wá ẹbí. Ní oṣù keje 2024, wọ́n dárúkọ ẹni àkọ́kọ́: C. L. Daniel. Sójà ogun àgbáyé kìíní ni. Níbo sì ni ilé wọn? Georgia. Ní 1936, lọ́yà kan ní Newnan, tí kò ju nǹkan bí 40 máìlì sí Atlanta, bá ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìjọba láti béèrè owó àwọn tó jagun, pé wọ́n ti pa ọmọ rẹ̀ ní Tulsa. Lẹ́tà yẹn wà nínú fáìlì fún ọdún 88 kó tó bá egungun náà pàdé.

Ìyá kan mọ̀. Láti 1936 ló ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ayé kan kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá òtítọ́ ṣí ìlẹ̀kùn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò le. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Atlanta, tí ẹ bá tún dé Five Points, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ rìn dé Auburn Avenue. Ẹ̀yin tó kù, níbikíbi tí ẹ wà, ẹ pe àgbàlagbà kan tó ṣì ń mí, ẹ béèrè ohun kan tí wọn kì í sọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ wo ọbẹ̀, ẹ lọ wò ó, kí ẹ padà wá jókòó. Ẹ má dìde kíákíá bíi tèmi.

Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ fún yín ránṣẹ́ sí mi, mo máa kà á. Ó dìgbà kan ná. Ẹ lọ sinmi, ẹ mu omi dáadáa, oògùn tiyín nìkan ni kí ẹ máa lò.